Ǹjẹ́ Ó Tọ́ Kí Agbá-gọ́ọ̀fù Wọ Àgbàlá Onílé Láti Mú Bọ́ọ̀lù Rẹ̀?

Ìwọ òǹkàwé mi, ó dá mi lójú pé kò sí àdúgbò kan ní ilẹ̀ Yorùbá tí àwọn ọmọdé ti ń gbá bọ́ọ̀lù tí kò ní bàbá kan tí gbogbo wọn ń bẹ̀rù. Bí bọ́ọ̀lù bá ti fò kọjá ògiri bàbá náà, eré dúró nìyẹn. Wọn yóò máa wo ojú ara wọn, wọn yóò máa ti ara wọn síwájú, títí wọn yóò fi rí ẹni tí ẹnu rẹ̀ dùn jù láàárín wọn tí yóò lọ dúró sí ẹnu géètì, tí yóò dọ̀bálẹ̀, tí yóò sì wí pé, 'Ẹ jọ̀ọ́ sà, bọ́ọ̀lù wa ni ó wọlé yín.' Nígbà mìíràn bàbá a jù ú padà. Nígbà mìíràn a fi ọ̀bẹ là á sí méjì kí ó tó jù ú padà. Èmi fúnra mi ti jẹ́ ọmọ tí wọ́n rán lọ bẹ̀bẹ̀ rí, mo sì ti di bàbá tí wọ́n ń bẹ̀ báyìí. Àwọn ọmọ díẹ̀ wà tí wọn kì í bẹ̀bẹ̀, tí wọ́n máa ń fo ògiri wọlé, ṣùgbọ́n àwọn náà mọ̀ pé bí ọwọ́ bá tẹ̀ wọ́n, orúkọ tí a ó pè wọ́n kò ní í dára.

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá ọ sọ kò jìnnà sí èyí, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn àgbàlagbà ni ó kàn, tí ó sì jẹ́ pé ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni ó ti wọ́pọ̀ jù lọ. Àwọn tí ń gbá gọ́ọ̀fù ni mo ń wí, àti àwọn tí ilé wọn wà ní etí pápá tí wọ́n ti ń gbá a. Bí bọ́ọ̀lù bá ṣìnà wọ ẹ̀yìnkùlé onílé, ǹjẹ́ ó tọ́ kí ẹni tí ó gbá a wọlé lọ mú un? Ní tèmi, kò tọ́, àfi bí onílé bá ní kí ó wọlé. Mo sì gbà pẹ̀lú pé onílé tí a fi ọ̀wọ̀ bẹ̀ tí ó sì kọ̀ láti dá bọ́ọ̀lù padà kò ṣe dáadáa. Ṣùgbọ́n àṣìṣe onílé kò lè sọ àṣìṣe àlejò di ẹ̀tọ́.

Jẹ́ kí n kọ́kọ́ ṣàlàyé eré náà díẹ̀ bí o kò bá tí ì rí i. Pápá gọ́ọ̀fù tóbi ju pápá bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ lọ fíìfíì. Ihò 18 ni ó máa ń wà nínú èyí tí ó bá pé. Ẹni tí ń ṣeré náà yóò fi ọ̀pá gbá bọ́ọ̀lù kékeré kan láti ọ̀nà jíjìn títí yóò fi já sínú ihò, ẹni tí iye ìgbá rẹ̀ bá sì kéré jù ni ó borí. Òfin eré náà kò gbà kí bọ́ọ̀lù náà wúwo ju gíráàmù 45.93 lọ, bẹ́ẹ̀ ni kò gbọdọ̀ fẹ̀ dín ní mìlímítà 42.67. Má ṣe tìtorí pé ó kéré kí o fojú tín-ín-rín rẹ̀ o. Ó le bí òkúta, bí àwọn tí ó fi eré náà ṣe iṣẹ́ bá sì gbá a, eré tí ó ń sá ní ìbẹ̀rẹ̀ máa ń ju kìlómítà 250 lọ ní wákàtí kan. Mọ́tò wo ni ó ń sá tó bẹ́ẹ̀ ní òpópónà wa?

Ní Amẹ́ríkà, ó ti pẹ́ tí àwọn oníṣòwò ilé ti rí i pé ènìyàn a máa san owó tí ó pọ̀ jù fún ilé tí fèrèsé rẹ̀ dojú kọ koríko tútù. Nítorí náà wọ́n ń kọ́ ilé yí pápá gọ́ọ̀fù ká, ọgọ́rọ̀ọ̀rún ilé nígbà mìíràn. Àwa náà ti ń bá wọn ṣe é: ní Lakowe, ní ọ̀nà Ìbẹ́jú-Lekki ní ìpínlẹ̀ Èkó, ilé wà ní etí pápá gọ́ọ̀fù oníhò 18. Bí a bá sì kọ́ ilé sí ibi tí bọ́ọ̀lù ń gbà kọjá, bọ́ọ̀lù yóò wọlé. Adìẹ bà lókùn ni ọ̀rọ̀ náà, ara kò rọ okùn, ara kò rọ adìẹ.

Ní ọdún 2019, mo lọ kí àbúrò mi obìnrin ní ìpínlẹ̀ Texas. Nọ́ọ̀sì ni, ọkọ rẹ̀ náà sì ń ṣiṣẹ́ òru ní ilé-ìwòsàn. Ilé tí wọ́n rà kẹ́yìn sí pápá gọ́ọ̀fù, fẹ́ǹsì onírin kan tí kò ga ju ìbàdí mi lọ ni ó sì wà láàárín. Ibẹ̀ tutù, ó dùn ún wò. Èmi a máa gbé àga síta ní àárọ̀, n a máa wo àwọn arúgbó tí ń wa ọkọ̀ kékeré wọn kọjá lórí koríko, n a sì máa rò ó pé ìfẹ̀yìntì tiwọn yàtọ̀ sí tèmi.

Ní ọjọ́ kẹta tí mo débẹ̀, oorun ń mú gidigidi, àbúrò mi sì ń da omi sínú agbada rọ́bà kan ní ẹ̀yìnkùlé kí ọmọ rẹ̀ ọlọ́dún mẹ́rin lè máa fi ṣeré. Ó wọlé láti mú aṣọ ìnura, kò sì pẹ́ rárá. Nígbà tí ó jáde padà, ọkùnrin kan ti wà láàárín ọgbà, kò jìnnà sí ọmọ ju bí ìgbésẹ̀ mẹ́ta lọ, ọ̀pá onírin sì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Kò kí ẹnikẹ́ni. Ó tẹ̀ ba, ó ń fi ọ̀pá náà tú ìdí tòmátì tí àbúrò mi gbìn. Àbúrò mi lọgun. Ọmọ bú sẹ́kún. Ọkọ rẹ̀, tí kò tí ì sùn ju wákàtí méjì lọ láti ìgbà tí ó ti ibi iṣẹ́ dé, fò dìde láti orí ibùsùn, ó sáré jáde ti òun ti ṣòkòtò péńpé. Ọkùnrin náà na ọwọ́ rẹ̀ sókè, ó ní, 'Bọ́ọ̀lù mi nìkan ni mo wá mú.' Ó yà á lẹ́nu gan-an pé wọ́n ń bínú.

Mo fẹ́ kí o ronú sí i dáadáa, òǹkàwé mi. Ọkùnrin yìí kì í ṣe ènìyàn burúkú. Lójú tirẹ̀, koríko kan ni ó wà níbẹ̀, bọ́ọ̀lù rẹ̀ sì wà lórí koríko náà. Lójú àbúrò mi, ọkùnrin tí òun kò mọ̀ rí ni ó dúró ti ọmọ òun pẹ̀lú irin lọ́wọ́. Ohun kan náà ni àwọn méjèèjì ń wò. Bí ó bá ti ké sí wọn láti ẹ̀yìn fẹ́ǹsì ni, bí a ti ń ṣe àgò nílé wa kí a tó wọlé onílé, àbúrò mi ìbá ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ mú bọ́ọ̀lù náà fún un, ẹ̀kún kò sì ní í sí.

Ní alẹ́ ọjọ́ náà, mo bi ọkọ rẹ̀ léèrè ohun tí òun fúnra rẹ̀ máa ń ṣe, nítorí òun náà ń gbá gọ́ọ̀fù ní ọjọ́ ìsinmi rẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, 'Ẹ̀gbọ́n, mo máa ń fi í sílẹ̀ ni. Bọ́ọ̀lù gidi kan kò ju dọ́là mẹ́rin tàbí márùn-ún lọ. Èmi ènìyàn dúdú, kí n wá fo ọgbà ọlọ́gbà ní Texas níbí, pẹ̀lú irin lọ́wọ́? Bí onílé bá yìnbọn, ta ni yóò dúró bi í pé bọ́ọ̀lù ni mo wá mú?' Ó tún rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n èmi kò lè bá a rẹ́rìn-ín.

Ohun tí mo wá mọ̀ lẹ́yìn èyí ni ó jẹ́ kí èrò mi le sí i. N kò mọ òfin eré náà tẹ́lẹ̀, àna mi ni ó mú ìwé rẹ̀ jáde fún mi. Igi kéékèèké tí a kùn ní funfun, tàbí fẹ́ǹsì, ni wọ́n fi ń sàmì sí ààlà pápá. Ilé onílé wà lẹ́yìn ààlà náà. Bí bọ́ọ̀lù bá sì ti kọjá ààlà, kò sí ẹni tí ó gbọdọ̀ gbá a láti ibẹ̀. Ẹni tí ó ni ín yóò padà sí ibi tí ó ti gbá èyí tí ó ṣìnà, yóò gbá bọ́ọ̀lù mìíràn, a ó sì fi ẹyọ kan kún iye ìgbá rẹ̀. Láti ọdún 2019, àwọn pápá kan lè gbà á láyè kí ó sọ bọ́ọ̀lù mìíràn sílẹ̀ ní ìtòsí ibi tí ti àkọ́kọ́ ti jáde, ṣùgbọ́n ìgbá méjì ni a ó fi jẹ ẹ́ níyà. Lọ́nà méjèèjì, bí ó bá rí bọ́ọ̀lù àkọ́kọ́, bí kò bá rí i, bákan náà ni. Eré náà kò nílò bọ́ọ̀lù yẹn mọ́! Bí iyè méjì bá ń ṣe é bóyá ó kọjá ààlà tàbí kò kọjá, ojú ni yóò fi wò ó láti ìhà tirẹ̀. Àyè tí òfin sì fún un láti fi wá bọ́ọ̀lù tí ó sọnù kò pọ̀: ìṣẹ́jú márùn-ún ni tẹ́lẹ̀, wọ́n sì dín in kù sí mẹ́ta ní ọdún 2019 kan náà. Nítorí náà, ẹni tí ó bá sọ fún ọ pé eré ni ó mú òun fo ọgbà, owó ni ó mú un fò ó.

Ní àtijọ́, ì bá yé mi. Nígbà tí àwọn ará Scotland ń fi awọ ran bọ́ọ̀lù gọ́ọ̀fù, tí wọ́n ń ki ìyẹ́ ẹyẹ sínú rẹ̀, bọ́ọ̀lù kan lè wọ́n ju ọ̀pá tí a fi ń gbá a lọ, ìwọ̀nba díẹ̀ sì ni ọ̀mọ̀ràn oníṣẹ́ ọwọ́ lè ṣe láàárín ọjọ́ kan. Ní ọdún 1848 ni èyí tí a fi oje igi kan mọ bẹ̀rẹ̀ sí dé, owó bọ́ọ̀lù sì wálẹ̀. Ẹni tí bọ́ọ̀lù oníyẹ̀ẹ́ rẹ̀ bá sọnù ní ayé ìgbà náà ní ìdí láti máa fi ọwọ́ tú ìgbẹ́. Èyí tí wọ́n ń tà ní méjìlá méjìlá nínú páálí lónìí kò ní irú ìdí bẹ́ẹ̀.

Mo mọ̀ pé àwọn kan yóò bi mí pé, 'Ṣé onílé kò rí pápá kí ó tó ra ilé ni?' Ìbéèrè gidi ni. Ẹni tí ó bá ra ilé sí ẹ̀bá ọjà, tí ó sì ń bínú sí ariwo, òun ni kò ronú. Ní ọ̀pọ̀ àdúgbò bẹ́ẹ̀ ní Amẹ́ríkà, ó wà nínú ìwé ilẹ̀ tí onílé fọwọ́ sí pé òun gbà kí bọ́ọ̀lù máa ṣìnà wọlé òun. Ẹjọ́ kan wáyé lórí irú ọ̀ràn yìí ní ìlú Kingston, ní ìpínlẹ̀ Massachusetts. Ìdílé kan ra ilé sí ẹ̀bá pápá gọ́ọ̀fù ní ọdún 2017. Bọ́ọ̀lù ń rọ̀ lu ilé wọn bí òjò yìnyín. Èyí tí wọ́n ṣà jọ ju 600 lọ, wọ́n sì fọ́ gíláàsì fèrèsé wọn léraléra. Wọ́n gbé ọ̀rọ̀ lọ sí kóòtù, àwọn ará ìlú tí a yàn láti gbọ́ ẹjọ́ náà sì ní kí ẹgbẹ́ tí ó ni pápá san mílíọ̀nù dọ́là 3.5 fún wọn ní oṣù Kejìlá ọdún 2021. Nígbà tí a fi èlé kún un, ó sún mọ́ mílíọ̀nù márùn-ún. Ṣùgbọ́n ní oṣù Kejìlá ọdún 2022, ilé ẹjọ́ tí ó ga jù lọ ní ìpínlẹ̀ náà yí ìdájọ́ yìí padà. Wọ́n ní a kò ṣàlàyé ìwé àdéhùn ilẹ̀ bí ó ti yẹ fún àwọn tí ó gbọ́ ẹjọ́, nítorí ìwé náà fún pápá ní ẹ̀tọ́ pé kí bọ́ọ̀lù tí eré tí ó bá ìwọ̀n mu bá mú ṣìnà máa bọ́ sí ilẹ̀ wọn.

Àwọn kan ka ẹjọ́ yìí, wọ́n ní ó ti jẹ́ kí agbá-gọ́ọ̀fù borí onílé. Èmi kò rí i bẹ́ẹ̀. Bọ́ọ̀lù ni ẹjọ́ náà dá lé, kì í ṣe ẹsẹ̀. Bọ́ọ̀lù kò lójú, kò mọ ilé onílé yàtọ̀ sí igbó, ẹni tí ó sì gbá a kò fẹ́ kí ó lọ síbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó gbé ẹsẹ̀ kọjá fẹ́ǹsì ní ojú, ó sì rí ohun tí ó ń kọjá. Lóòótọ́, àwọn ìwé ilẹ̀ kan wà tí wọ́n gba ẹsẹ̀ náà láyè, tí wọ́n ní ẹni tí bọ́ọ̀lù rẹ̀ bọ́ sí apá ilẹ̀ tí a kò fi ọgbà yí ká lè fi ẹsẹ̀ rìn wọ ibẹ̀ lọ mú un láìba nǹkan jẹ́. Níbi tí a bá ti kọ bẹ́ẹ̀, tí onílé sì ti fọwọ́ sí i, n kò bá òfin jà. N óò kàn rán agbá-gọ́ọ̀fù létí pé ọmọ tí ń ṣeré ní ẹ̀yìnkùlé kò tí ì ka ìwé náà.

Ẹ jẹ́ kí a wá yí sí ọ̀dọ̀ àwọn onílé, nítorí mo ti gbọ́ nípa àwọn kan tí wọ́n ń kó gbogbo bọ́ọ̀lù tí ó bá bọ́ sí ọgbà wọn pamọ́ sínú agbọ̀n, tí wọ́n sì ń tà á padà fún àwọn tí ń gbá a. Ní orílẹ̀-èdè Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún 1948, wọ́n dá ẹnì kan lẹ́bi olè nítorí pé ó wọ pápá ẹgbẹ́ gọ́ọ̀fù kan láìgbàṣẹ, ó sì ṣa bọ́ọ̀lù mẹ́jọ tí àwọn tí ó ni wọ́n ti pa tì. Ilé ẹjọ́ ní ẹgbẹ́ tí ó ni ilẹ̀ ni ó ní àṣẹ lórí ohun tí ó wà lórí rẹ̀, kì í ṣe ẹni tí ó yọ́ wọlé. (Mo rántí akẹ́kọ̀ọ́ mi kan tí ó ń fi irú bọ́ọ̀lù bẹ́ẹ̀ ra ìwé kíkà, n kò sọ ẹjọ́ yìí fún un nítorí pé èmi náà kò tí ì gbọ́ ọ nígbà náà.) Onílé lè mú ẹjọ́ yìí gbe ara rẹ̀ lẹ́sẹ̀ pé ohun tí ó bọ́ sórí ilẹ̀ òun, ti òun ni. Àmọ́ bọ́ọ̀lù tí a pa tì ni ẹjọ́ ọdún 1948 ń sọ̀rọ̀ rẹ̀. Bọ́ọ̀lù tí ẹni tí ó ni ín dúró sí ẹnu ọ̀nà rẹ, tí ó ń bẹ̀ ọ́ kí o fún òun, ẹnikẹ́ni kò tí ì pa á tì. Kí ni ó ń ṣòro nínú kí o bẹ̀rẹ̀ kí o mú un fún un? Bàbá tí ń fi ọ̀bẹ la bọ́ọ̀lù ọmọdé kò jèrè ohun kan, àwọn ọmọ sì ń rántí rẹ̀ títí wọ́n fi dàgbà.

Ohun kan wà tí ó máa ń pa mí lẹ́rìn-ín nínú ọ̀rọ̀ yìí, bí ó tilẹ̀ jẹ́ ẹ̀rín kíkan. Àbúrò mi sọ fún mi pé àwọn tí ń yára fo fẹ́ǹsì nítorí bọ́ọ̀lù dọ́là mẹ́rin, bí bọ́ọ̀lù náà bá fọ́ gíláàsì, kò sí ẹni tí ó ń wá a mọ́. Wọn a wa ọkọ̀ kékeré wọn lọ jẹ́jẹ́ bí ẹni pé kò sí ohun tí ó ṣẹlẹ̀. Èyí kò dára rárá. Ní orílẹ̀-èdè Gẹ̀ẹ́sì kan náà, ní agbègbè Kent, bọ́ọ̀lù gọ́ọ̀fù fò jáde sí òpópónà, ó fọ́ gíláàsì iwájú takisí, ojú kan awakọ̀ náà sì fọ́. Ní ọdún 1922, kóòtù dá a láre lórí ẹgbẹ́ tí ó ni pápá, nítorí ibi tí wọ́n fi ihò náà sí ń mú kí bọ́ọ̀lù máa bọ́ sí òpópónà léraléra. Nítorí náà, bí ilé kan bá wà tí bọ́ọ̀lù kì í yé bọ́ lù, àwọn tí ó ni pápá ni kí ó wá nǹkan ṣe sí i, yálà kí wọ́n sún ibi tí a ti ń gbá a, tàbí kí wọ́n gbin igi, tàbí kí wọ́n ta àwọ̀n. Ẹni tí bọ́ọ̀lù rẹ̀ bá sì fọ́ nǹkan, kí ó gba iwájú ilé lọ, kí ó kan ilẹ̀kùn, kí ó sọ orúkọ rẹ̀.

Kí n tó kúrò ní Texas, àbúrò mi ra bọ́kẹ́ẹ̀tì pupa kan, ó so ó mọ́ fẹ́ǹsì ní ìhà pápá. Bọ́ọ̀lù tí ó bá rí nínú ọgbà ní àárọ̀, inú rẹ̀ ni ó ń jù ú sí. Àwọn tí ń kọjá a máa dúró, wọn a yẹ̀ ẹ́ wò, wọn a mú tiwọn, wọn a sì juwọ́ sí mi bí mo bá jókòó níta. Kò ná an ju dọ́là mélòó kan lọ. Kì í ṣe gbogbo onílé ni yóò ṣe bẹ́ẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni n kò sọ pé ó di dandan. Níbi tí kò bá sí bọ́kẹ́ẹ̀tì, kí agbá-gọ́ọ̀fù dúró sí ìhà tirẹ̀, kí ó ké sí onílé. Bí wọ́n bá dáhùn, kí ó sọ ohun tí ó ń wá, kí ó sì jẹ́ kí wọ́n mú un wá fún un. Bí ẹnikẹ́ni kò bá dáhùn, kí ó mú bọ́ọ̀lù mìíràn jáde nínú àpò rẹ̀, kí ó padà sí ibi tí ó ti gbá ti àkọ́kọ́, nítorí àwọn tí ń bọ̀ lẹ́yìn ti ń dúró dè é.